Ilẹ̀ Tí Lọ́yà Oòrùn Pè Ní Òfìfo

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí iná oòrùn náà, ẹni mẹ́rin ló gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn sọ̀rọ̀, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì purọ́. Wọ́n ní àbúrò mi obìnrin, ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní Lọ́yà Oòrùn, fi ọgbọ́n àti sùúrù ṣe òfin tó gbé iná dé àwọn abúlé. Sùúrù kẹ̀? Àbúrò mi tí mo mọ̀ yìí? Èmi tí mo jókòó sẹ́yìn, ṣe ni mo ń payín keke. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ pé wọ́n fi àdá fọ́ àgbọ̀n rẹ̀, tàbí pé wọ́n yìnbọn pa ọmọ ọlọ́mọ nítorí ọ̀rọ̀ tí àbúrò mi fúnra rẹ̀ kọ. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí èmi sọ ọ́. Takisí ni mo ń wà, n ò kọ́ ìwé òfin, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí wọ́n ti lu àbúrò mi, èmi ni mo wa ọkọ̀ gbé e débẹ̀.

Àwa mẹ́ta ni ìyá wa bí. Èmi ni àgbà, ọkùnrin ló tẹ̀ lé mi, Lọ́yà ni àbíkẹ́yìn. Ọkùnrin yẹn ń tún fóònù ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kan, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń sùn. Ní ọjọ́ òjò kan, ó gbé jẹnẹrétọ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí òjò má baà pa á, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Ilẹ̀ mọ́, a ò gbúròó wọn. Èmi ni mo fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn náà títí tó fi já. Yéè, ohun tí ojú mi rí! Òun, ìyàwó rẹ̀, àti ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lórúkọ, gbogbo wọn ti tutù lórí bẹ́ẹ̀dì. Èéfín ló pa wọ́n.

Ọdún yẹn gan-an ni àbúrò mi di lọ́yà. Lójú òkú wọn, kò sunkún. Ó kọjá sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó gbé òòlù ńlá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu jẹnẹrétọ̀ náà. Ó lù ú, ó lù ú, epo ń ta sí i lójú, irin ń fò káàkiri, mẹkáníìkì ń pariwo pé iná máa gbà, kò gbọ́. Ìgbà tó fọ́ yángá tán ló jókòó sínú epo náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, màá pa nǹkan yìí. Ní gbogbo ìpínlẹ̀ yìí, màá pa á." Mo rò pé orí rẹ̀ ti dàrú ni, mo sì ń ronú bí a ṣe máa sọ ọ́ fún ìyá wa.

Orí rẹ̀ ò dàrú. Òfin ló fẹ́ fi pa á. Nígbà yẹn, bí wáyà iná ìjọba àpapọ̀ kò bá dé abúlé kan, abúlé náà jókòó sínú òkùnkùn nìyẹn, àfi kí wọ́n ra jẹnẹrétọ̀. Ìpínlẹ̀ wa kò ní òfin kankan tó lè jẹ́ kí ilé iṣẹ́ kan wá tẹ́ páànẹ́lì síbẹ̀, kó gba iná lára oòrùn, kó sì tà á fún ará abúlé ní iye tí ìjọba fọwọ́ sí. Òfin yẹn ni àbúrò mi gbà láti kọ. Wọ́n fún un ní yàrá kan lẹ́yìn ọ́fíìsì iná mànàmáná ìpínlẹ̀, pẹ̀lú fáànù tó ń ké bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Ó bá ilé ìfowópamọ́ jiyàn, ó bá oníléeṣẹ́ jiyàn, ó tilẹ̀ ju fáìlì lu aṣòfin kan láyà nítorí pé ọkùnrin náà ń sùn nígbà tí òun ń ṣàlàyé. Bó bá ti ń bọ̀ báyìí, àwọn ọlọ́dẹ ẹnu géètì á máa pariwo, "Lọ́yà Oòrùn ti dé o, ẹni tó bá fọ aṣọ kó wá sá a!" Òun náà á bú wọn, wọn á jọ rẹ́rìn-ín.

Abala kọkànlá ni ìjàngbọ̀n gbà wọlé. Àwọn oníléeṣẹ́ ní àwọn ò lè máa bẹ ìdílé kọ̀ọ̀kan kí àwọn tó rí ilẹ̀ tẹ́ páànẹ́lì sí. Lọ́yà wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilẹ̀ èyíkéyìí tí wọn kò bá dáko sí fún ọdún mẹ́ta, ilẹ̀ òfìfo ni. Ìjọba lè gbà á fún iná oòrùn láì bi ẹnikẹ́ni léèrè, kí wọ́n ṣáà ti lẹ ìwé mọ́ ògiri káńsù. Inú òfin ilẹ̀ òkèèrè kan ló ti wò ó kọ. Ìgboro ni wọ́n bí wa sí, orí kọ́ńkéré la ti kọ́ ìrìn. Àgbàdo tó bá ti dé ọjà là ń rí, a ò mọ̀ pé ó máa ń rẹ ilẹ̀. Àgbẹ̀ á ro ilẹ̀ kan, á sì fi í sílẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, ọdún méje, kó sinmi, kó lè tún so. Ẹni tó ni ín wà láàyè, ó mọ ààlà rẹ̀, ó mọ ọdún tó máa padà síbẹ̀.

Bí ẹ bá ń rò ó pé ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ á ti rí i, ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Orí abala nìkan ni wọ́n ń kà sókè. Alága á ní, "Abala kọkànlá, ilẹ̀ òfìfo. Ṣé a gbà?" Gbogbo wọn á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, "A gbà!" Ó tún di abala kejìlá. Ọmọ ìgboro ni gbogbo wọn, ebi ọ̀sán sì ń pa wọ́n.

Ó wá ku kíkà ìkẹyìn nílé aṣòfin kí òfin náà tó jáde. Ọ̀gá ọ́fíìsì náà, tí àwa ń pè ní Ọ̀gá Táì nítorí pé bí oòrùn ń gbẹ́mìí lọ kò ní tú táì ọrùn rẹ̀, kò lè dúró. Ó ti fún ilé iṣẹ́ kan láṣẹ kí wọ́n lọ máa tú ilẹ̀ sílẹ̀ de òfin. Ló bá di òwúrọ̀ ọjọ́ kan, fóònù Lọ́yà dún nínú ọkọ̀ mi. Ọkùnrin tó ń wọn ilẹ̀ fún ilé iṣẹ́ náà ni. Ohùn rẹ̀ kò jọ ti èèyàn. "Lọ́yà, ẹ gbà mí o! Wọ́n ti ṣá mi! Wọ́n ní ilẹ̀ àwọn kì í ṣe òfìfo!"

Mo ní ká lọ pe ọlọ́pàá. Àbúrò mi ní ọlọ́pàá ti wà níbẹ̀. Mo ní kí wá ni tiwa níbẹ̀ o? Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wa ọkọ̀."

Èéfín la kọ́kọ́ rí. Wọ́n ti dáná sun katapílà, táyà ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé e wá náà ń jó, òórùn rẹ̀ ń há ni lọ́fun. Ẹni tó ń wọn ilẹ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di ọwọ́ kejì mú, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde. Àwọn ọlọ́pàá sá sẹ́yìn ọkọ̀ tiwọn, wọ́n na ìbọn síta. Àwọn ará abúlé dúró ní iwájú wọn pẹ̀lú àdá àti kùmọ̀, ojú wọn pọ́n bí ẹ̀yin iná. N ò tíì dá ọkọ̀ dúró tán tí àbúrò mi fi bẹ́ sílẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń ké, "Ẹ dúró! Èmi ni lọ́yà tó kọ òfin náà! Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé!"

Ṣé ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ lójú ìjà nìyẹn? Ọkùnrin kan tó ti ya ẹ̀wù rẹ̀ kúrò lọ́rùn yíjú sí i. "Ìwọ lo kọ ọ́?" Kò dúró gbọ́ èsì. Ó fi pẹlẹbẹ àdá gbá a lójú, mo sì gbọ́ bí egungun ṣe dún. Àbúrò mi ṣubú lulẹ̀. Orí mi gbóná, n ò mọ nǹkan kan mọ́. Mo ti fa sípánà tí mo fi ń tú táyà yọ, mo fi là á léjìká, mo tún fi là á lórúnkún, ó ń ké, mo ń bú ìran rẹ̀. Òkúta kan bà mí nígbáyà. Ọ̀rọ̀ wá di bó ò lọ o yàá mi. Ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ rọ́ dé orí àbúrò mi, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń gbá a.

Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan ló já wọ àárín wọn. Òun ló ni ilẹ̀ náà, òun àti ìyá rẹ̀, opó ni ìyá náà. Ó na apá rẹ̀ méjèèjì lórí àbúrò mi, ó ń ti àwọn èèyàn rẹ̀ sẹ́yìn. "Ẹ má pa á! Mo ní ẹ má pa á! Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́!" Bó ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀ ni ìbọn dún. Kò sẹ́ni tó mọ ọlọ́pàá tó yìn ín títí di òní. Ẹ̀yìn ló gbà wọlé, ó gba àyà jáde. Ó ṣubú lé àbúrò mi lórí gbọnrangandan, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dà sí i lójú, ó dà sí i lẹ́nu tó ti fọ́. Nígbà tí mo fi máa fa àbúrò mi yọ lábẹ́ rẹ̀, ọmọkùnrin náà ti kú.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fi wáyà di eyín òkè mọ́ eyín ìsàlẹ̀ fún Lọ́yà kí àgbọ̀n rẹ̀ lè jinná. Dókítà fún mi ní ẹ̀mú kékeré kan, ó ní kí n máa mú un rìn: bí èébì bá gbé e, kí n gé wáyà náà kíákíá kó má baà pa á. Ó ní láìsí ìyẹn, ẹnu náà kò gbọdọ̀ ṣí. Bẹ́ẹ̀ ni àbúrò mi dùbúlẹ̀, omi ọbẹ̀ ló ń fi sítírọ̀ fà, ojú rẹ̀ wú bí ìkòkò. Ó ń ti àárín eyín sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń sọ ṣáá. "Ó kú lé mi lórí. Ẹ̀gbọ́n mi, ó kú lé mi lórí."

Ọ̀gá Táì wá kí i pẹ̀lú èso nínú ọ̀rá. Ó jókòó, ó tún táì ṣe. Ó ní, "Lọ́yà, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọ̀la kọ́, ọ̀tunla, wọ́n máa ka òfin wa ní kíkà ìkẹyìn. Ẹ má dààmú, ẹ sinmi."

Àbúrò mi ní, "Ẹ yọ abala kọkànlá."

"Ẹ̀n? N ò gbọ́ yín."

"Ẹ yọ ọ́. Ó máa pa èèyàn sí i."

Ó gbọ́ ọ dáadáa. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní katapílà ti wà nílẹ̀ ní abúlé mẹ́ta míì, ọjọ́ tí òfin bá jáde ni wọ́n máa wọlé. Ó ní bí a bá yọ abala yẹn, àwọn oníléeṣẹ́ lè kó ẹrù wọn lọ, òfin náà á kú, ikú ẹ̀gbọ́n Lọ́yà á sì já sí asán. Ẹ gbọ́ o! Ó fẹ́ fi òkú àbúrò mi ọkùnrin dí èyí tó kù lẹ́nu! N ò mọ ìgbà tí mo di táì náà mú. Mo fi wọ́ ọ dìde, mo fi wọ́ ọ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú rẹ̀ ń ràn, àwọn nọ́ọ̀sì ń sá síhìn-ín sọ́hùn-ún. Mo tì í sórí àtẹ̀gùn, èso rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo padà, àbúrò mi ti ń wá bàtà rẹ̀.

Ìlànà ilé aṣòfin wa ni pé lọ́jọ́ kíkà ìkẹyìn, ẹni tó kọ òfin lè dìde kó ní kí wọ́n yọ nǹkan kúrò, ṣùgbọ́n ẹnu ara rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi sọ ọ́. Wọn kì í gba ìwé, wọn kì í gba aṣojú. Ẹni tó rán àwọn jàǹdùkú sí ẹnu géètì ilé aṣòfin lọ́jọ́ tí mo wa ọkọ̀ gbé e lọ síbẹ̀, n ò rí i, n ò sì ní purọ́ mọ́ ẹnì kankan. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọ́n mọ nọ́mbà ọkọ̀ mi. Bí mo ṣe yọ báyìí, wọ́n ní, "Òun nìyẹn!" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ gíláàsì. Mo tẹná mọ́ ọkọ̀, mo gun ẹsẹ̀ ẹnì kan, ó ké bí ewúrẹ́. Kùmọ̀ gba ojú gíláàsì wọlé, ó ṣẹ́ ọwọ́ òsì mi. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n fi aṣọ lọ́yà wọ́ àbúrò mi sílẹ̀, ó ń fi orí kan wọ́n nímú. Èmi ń fi ọwọ́ kan jà, mo ń ké pé ẹ gbà wá o!

Àwọn àgbẹ̀ láti abúlé yẹn ti wà lẹ́bàá ògiri láti àárọ̀, àwọn náà wá gbọ́ bí wọ́n ṣe máa ka òfin náà. Ta ló kọ́kọ́ bẹ́ wọlé? Ọkùnrin tó fọ́ àgbọ̀n àbúrò mi ni, tòun ti orúnkún tí mo fi sípánà là. Ó gbá jàǹdùkú kan lẹ́ṣẹ̀ẹ́, eyín fò jáde. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó wọlé! Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tó fẹ́ wí! Bí kò bá sọ ọ́ ire, àwa fúnra wa la máa pa á!" Ìrànlọ́wọ́ rè é.

Lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, àbúrò mi nawọ́ sí mi. "Ẹ gé e."

"Gé kí ni?"

Ó tọ́ka sí ẹnu rẹ̀.

Mo ní láéláé. Mo ní dókítà ní egungun náà ò tíì jinná. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gé e, wọn ò ní gbọ́ mi." Ẹkún gbọ̀n mí. Mo fi ọwọ́ kan tó kù ki ẹ̀mú bọ ẹnu ọmọ tí mo pọ̀n dàgbà, mo sì gé wáyà náà, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Wáyà já ẹran ìdí eyín rẹ̀ ya. Ó tu ẹ̀jẹ̀ dànù.

Ó wọlé pẹ̀lú aṣọ tó ti ya. Alága ti dé abala kẹwàá. Ó dìde dúró ní ibi tí wọ́n ń dúró sí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè. Ó ní, "Abala kọkànlá. Èmi ni mo kọ ọ́. Mo ṣì í kọ. Ilẹ̀ tó ń sinmi ni mo pè ní òfìfo. Ó ti pa èèyàn kan. Ẹ yọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ ilẹ̀ kankan láìjẹ́ pé àwọn tó ni ín gbà." Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí tábìlì níwájú rẹ̀. Akọ̀wé sún ìwé rẹ̀ sẹ́yìn kó má baà kàn án. Alága ní, "Ṣé a gbà?" Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó yára dáhùn. Wọ́n ń wo ẹ̀jẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà aṣòfin tó jẹ fáìlì láyà nígbà kan sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé òun gbà, àwọn yòókù sì gbà. Ilé iṣẹ́ kan kó ẹrù rẹ̀ lọ lóòótọ́. Àwọn tó kù dúró, wọ́n lọ ń bẹ ìdílé kọ̀ọ̀kan, iná náà sì ni àwọn mẹ́rin yẹn wá ń fi ẹnu dídùn ṣí.

Ṣùgbọ́n a ò tíì kúrò nínú ilé aṣòfin lọ́jọ́ náà. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí mo ti fi apá tó kù gbé àbúrò mi ró, ìyá arúgbó kan dìde lórí bẹ́ǹṣì. N ò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ẹni tó jẹ́ fún mi. Gíga kan náà ni òun àti ọmọkùnrin yẹn.

Ó ní, "Ìwọ ni ọmọ mi kú lé lórí?"

"Èmi ni, Mama."

"Ìwọ náà lo sì kọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn?"

"Èmi ni, Mama. Ẹ jọ̀ọ́. N ò mọ̀. N ò mọ̀ pé ilẹ̀ máa ń sinmi."

Ìyá náà gbá a létí. Ẹ̀gbẹ́ tó fọ́ yẹn gan-an ló gbá. Ó tún gbá a, àbúrò mi sì kúnlẹ̀ wìì. Èmi tí mo ti lu ọkùnrin mẹ́ta nítorí ọmọ yìí, apá mi ò gbé. Mo kàn dúró síbẹ̀ ni, omi ń bọ́ lójú mi.

Ìyá náà kò pariwo. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè ṣe déédéé ojú àbúrò mi. Ó ní, "Ilé mi ò jìnnà. Ọ̀nà ọkọ̀ dé ibẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń wà nílé. Kí ló ṣe ọ́ tí o ò wá bi mí léèrè?"

Àbúrò mi la ẹnu, ẹ̀jẹ̀ ló jáde. Ìyá náà ò kúrò níbẹ̀, ó ń retí èsì.